Nígbà tí Abèèrè Bá Ṣìnà: Májèlé inú Àká Orúkọ Íntánẹ́ẹ̀tì

Abèèrè kì í ṣìnà, ni àwọn àgbà wí, òtítọ́ sì ni, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí a bi léèrè bá jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ti di ọjà àti ilé ìfowópamọ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ìjọba fún tọmọdé tàgbà, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé ìbéèrè gan-an ni í mú abèèrè ṣìnà, tí yóò máa lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ títí yóò fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé olè.

Ẹni tí ó jókòó sí Banikanni ní Parakou, tí ó tẹ orúkọ ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ sórí fóònù, lè má mọ̀ pé orúkọ náà kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀rọ, nítorí nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn. Láti ọdún 1983 tí Paul Mockapetris, ará Amẹ́ríkà, ti gbé ètò tí à ń pè ní DNS kalẹ̀ ni a ti ní ohun tí ń sọ orúkọ di nọ́ńbà fún wa: fóònù yóò bi kọ̀ǹpútà kan léèrè ní iléeṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà náà yóò bi àwọn tí ó wà ní gbòǹgbò ètò náà, àwọn yẹn yóò tọ́ka rẹ̀ sí àwọn olùtọ́jú orúkọ tí ó parí sí .bj, èyí tí àjọ ARCEP ń bójú tó ní Benin, àwọn náà yóò sì tọ́ka rẹ̀ sí onílé gan-an. Bí ìdáhùn bá dé, kọ̀ǹpútà yìí yóò fi í pamọ́ fún sáà kan, kí ó má baà tún rin ìrìn àjò kan náà nígbà tí aládùúgbò bá béèrè ohun kan náà. Àká ìdáhùn yìí ni ọ̀bàyéjẹ́ ń bu májèlé sí. Bí ìdáhùn èké bá wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ẹni tí ó bá bi kọ̀ǹpútà náà ní orúkọ yẹn, ìbáà ṣe oníṣòwò ní ọjà Arzèkè, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Parakou, ni yóò gba nọ́ńbà ilé olè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fóònù wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn yìí fi bà mí lẹ́rù ju ti jáwójáwó lọ.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Ẹnu tí ògiri yìí là ni pé ìdáhùn tí ó bá kọ́kọ́ dé ni kọ̀ǹpútà ń gbà, bí nọ́ńbà tí ó kọ sára ìbéèrè rẹ̀ bá ti wà lára ìdáhùn náà. 65,536 péré sì ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, tí olè lè máa da èké lù ú títí ọ̀kan yóò fi bá a mu. Ohun tí a fi ń tu ara wa nínú tẹ́lẹ̀ ni pé bí ìdáhùn òtítọ́ bá ti ṣáájú wọlé, olè gbọ́dọ̀ dúró títí ìdáhùn náà yóò fi gbó nínú àká. Dan Kaminsky, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ni ó rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 pé kò sí ohun tí ó ń dá olè dúró: bí ó bá ń béèrè àwọn orúkọ tí kò sí rárá lábẹ́ orúkọ tí ó fẹ́ gbà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan di àǹfààní tuntun, ìdáhùn èké kan ṣoṣo tí ó bá sì wọlé lè gba àkóso gbogbo ìdílé orúkọ náà.

Ọkùnrin yìí rí kọ́kọ́rọ́ ilé gbogbo ayé, kò sì fi ṣí ilé ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ Paul Vixie àti àwọn àgbà iṣẹ́ DNS mìíràn, wọ́n pàdé ní ọgbà Microsoft ní Redmond ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, wọ́n pa àṣírí mọ́, títí ó fi di ọjọ́ 8, oṣù Keje, tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá gbé àtúnṣe jáde pọ̀ lọ́jọ́ kan náà: láti ìgbà náà, ojú ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà jáde yóò máa yí padà láìlétò, ohun tí olè ní láti méfò sì di ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Kaminsky kú ní ọdún 2021, ẹni ọdún 42. Ó yẹ kí a máa dárúkọ irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Àtúnṣe náà kò pa àrùn náà tán. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, àjọ ISC, tí ń tọ́jú BIND, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí a ń lò jùlọ fún sísọ orúkọ di nọ́ńbà, kéde pé ihò wà lára rẹ̀: ọ̀nà tí ó fi ń ṣa nọ́ńbà kò fara sin tó, ó sì ń gba àfikún ìròyìn tí kò béèrè. Ẹ̀dà tí a ti tún ṣe jáde pẹ̀lú ìkéde náà, ṣùgbọ́n oògùn tí a kò lò kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ìwòsàn tí ó dé gbòǹgbò ni DNSSEC, tí ó fi èdìdì sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, tí a óò fi mọ ti onílé yàtọ̀ sí ti olè. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 2010, ní Culpeper ní ìpínlẹ̀ Virginia, ni wọ́n ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ èdìdì fún gbòǹgbò íntánẹ́ẹ̀tì. Lára àwọn méje tí a yàn láti inú ayé gbogbo láti ṣe ẹlẹ́rìí ibẹ̀ ni Alain Aina, ọmọ Benin, tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Vinton Cerf, ọ̀kan nínú àwọn baba íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọ ilẹ̀ yìí bá wà níbi tí a ti rọ kọ́kọ́rọ́ náà, kò yẹ kí ilẹ̀kùn tiwa wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Èdìdì náà kò sì wúlò bí onílé kò bá tẹ̀ ẹ́, tàbí bí kọ̀ǹpútà tí ń bá wa béèrè kò bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú íntánẹ́ẹ̀tì fún iléeṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ní Parakou àti níbi gbogbo, ẹ gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín máa yẹ èdìdì wò. Ìwọ òǹkàwé, bí fóònù rẹ bá kìlọ̀ pé ojú ewé ilé ìfowópamọ́ rẹ kò ṣeé fọkàn tán, má ṣe tẹ̀ síwájú; pa á dé, kí o sì pe ilé ìfowópamọ́ náà lórí nọ́ńbà tí o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.