Ìfisí, Ìbẹ̀rẹ̀ àti Ìyànsípò: Bí Ìránṣẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Bá Ẹ̀rọ Jí

1. Ìfáàrà
Ilé-ìwé girama kan ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó ń lo Linux ni a ń kó máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́ sí. Iná ọba lọ ní òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná ti dé, a sì tan ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìwé máàkì kọ̀, kò ṣí. Ọjọ́ náà gan-an ni ó yẹ kí a fi máàkì ránṣẹ́. Ẹnì kan nínú wa ní kí a pa gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́, kí a sì tún un tò. Bí ó bá ṣe pé a gbọ́ tirẹ̀ ni, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ìbá ṣègbé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ìránṣẹ́ tí ń tọ́jú máàkì ni a kò yàn pé kí ó máa jí nígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ohun tí yíyàn náà jẹ́.

2. Ta Ni Ìránṣẹ́?
Ken Thompson àti Dennis Ritchie ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, ní 1969. Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, àwọn iṣẹ́ kan wà tí kì í hàn sí wa lójú: títọ́jú àkọsílẹ̀, gbígba ìwé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Daemon ni orúkọ tí a fún wọn ní MIT ní àwọn ọdún 1960. Kí olùkọ́ má ṣe tú u sí èṣù. Ẹ̀dá kékeré tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Maxwell fi ṣe àpèjúwe, tí ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ni àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ ní lọ́kàn. Ìránṣẹ́ ni a ó máa pè é níhìn-ín.

3. Ọ̀gá Ilé-ìwé àti Táìmùtébù
Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, ètò kan ni yóò kọ́kọ́ dìde, nọ́ńbà rẹ̀ a sì máa jẹ́ 1. Òun ni yóò jí àwọn yòókù. Nínú ọ̀pọ̀ Linux lónìí, systemd ni ètò náà. Lennart Poettering àti Kay Sievers ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010.

Ẹ jẹ́ kí a fi ètò yìí wé ọ̀gá ilé-ìwé. Bí ìjọba bá gbé olùkọ́ tuntun wá, orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé: ìfisí nìyí. Bí ọ̀gá bá ní kí ó wọ kíláàsì lónìí, ó ti ń kọ́ni: ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí táìmùtébù, ta ni yóò retí rẹ̀ ní kíláàsì lọ́la? Kíkọ orúkọ rẹ̀ sórí táìmùtébù ni ìyànsípò.

4. Àwọn Àṣẹ
Bí MariaDB bá jẹ́ ìránṣẹ́ wa, àwọn àṣẹ tí alábòójútó ẹ̀rọ yóò lò nìyí:

systemctl start mariadb (kí ó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí)
systemctl enable mariadb (kí ó máa jí ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá jí)
systemctl enable --now mariadb (méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà)
systemctl is-enabled mariadb (ṣé a ti yàn án?)
systemctl is-active mariadb (ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́?)

Àṣẹ disable ni ó ń fagi lé ìyànsípò. Ṣùgbọ́n yíyọ orúkọ kúrò lórí táìmùtébù kò lé olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì jáde. Stop ni ó ń ṣe ìyẹn.

5. Ilé Kan Kò Jọ Ilé Kan
Nínú Debian àti Ubuntu, ó wọ́pọ̀ kí ìfisí mú ìbẹ̀rẹ̀ àti ìyànsípò dání. Nínú Fedora àti Red Hat, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ nílé kìíní ti ń ṣìnà nílé kejì. Ní ti FreeBSD, a ó kọ ìlà kan, bíi nginx_enable="YES", sínú ìwé tí ń jẹ́ /etc/rc.conf. Ní ti OpenBSD, rcctl enable ni àṣẹ rẹ̀. Àṣẹ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí padà.

6. Ìgúnlẹ̀
Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ènìyàn ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í fi nǹkan kan kún iṣẹ́ tí a rán an. Nítorí náà, lẹ́yìn ìyànsípò, kí a fọwọ́ ara wa pa ẹ̀rọ, kí a tún un tàn, kí a sì wò ó, kí iná ọba tó bá wa dán an wò.

Èdè Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ti fi hàn pé èdè wa tó gbé ìmọ̀ tuntun. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ohun mẹ́ta. Ẹ̀yin olùdánwò náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ètò kan ti wà nínú ẹ̀rọ, ẹ má ṣe fún un ní máàkì ẹni tí ó kọ ọ́ pé yóò bá ẹ̀rọ jí.