Ọlidé Àwọn Ọmọ: Ọjọ́ Orí Ni Ká Kọ́kọ́ Wò

Ọlidé gbọọrọ tún ń bọ̀. Àwọn ọmọ yóò wà nílé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọn yóò sì máa wo ojú wa. Ọdọọdún ni àwọn kan lára wa máa ń wá bá wa lóṣù keje pé àwọn fẹ́ yáwó wàrà-wéré láti fi kó ọmọ jáde. Ìgbìmọ̀ kì í fọwọ́ sí i, inú a sì máa bí wọn sí wa. Kì í ṣe pé a ò fẹ́ kí ọmọ gbádùn. Ohun tí à ń rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú owó bẹ́ẹ̀ ló ń ṣòfò, torí pé ibi tí wọ́n kó ọmọ lọ kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Bí oṣù kẹsàn-án bá dé, owó ọjà ti lọ, owó ilé ìwé sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àṣà òyìnbó ni kí tọkọtaya kó ọmọ rìnrìn àjò. Iléyá tí à ń pè yẹn, ilé ló yá. Ọmọ Ìbàdàn tó bá gba ọlidé láyé àtijọ́, abà ló ń lọ bá ìyá àgbà. Yóò já àgbàdo, yóò pa ọ̀kẹ́rẹ́, yóò sì padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún. Ẹni tó bá ṣì ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n lábà, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rò. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó dùn mọ́ ọmọ kékeré tó o.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọ̀nà jíjìn kò wúlò fún un. Á sùn lọ, á sunkún bọ̀. Ohun tó fẹ́ ni ẹranko, iyanrìn, oúnjẹ lásìkò àti oorun ọ̀sán. Láti Ògùnpa níbí, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà. Ọdún 1948 ni wọ́n ti ń kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di ọgbà ẹranko tó pé pérépéré ní 1974. Àwọn àgbà wa kò jẹ́ gbàgbé ìnàkí ńlá méjì tó wà níbẹ̀ nígbà náà, Aruna àti Imade. Ọgbà Àgọ́dì náà wà nítòsí. Ẹ tètè jáde láàárọ̀, kẹ́ ẹ sì padà kí oòrùn tó mú. Wákàtí mẹ́ta ti tó.

Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá ni tirẹ̀ dùn jù, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, ìbéèrè sì kún ẹnu rẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé ọmọ tí wọ́n bí sí Ọjàaba yóò pé ọdún mẹ́wàá láìgun Láyípo rí! Òkè Àrẹ̀ ló wà. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ilé gogoro náà ní ìrántí Kápútéènì Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì òyìnbó àkọ́kọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1893. Gíga rẹ̀ tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Láyípo. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró lókè kó wá òrùlé ilé bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú un dé gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, ọjọ́ kan náà ló máa gbà.

Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a, kó mú irú ọmọ yìí wọ rélùwéè láti Mọ́níyà. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 yìí ń gba kìlómítà 157 dé Èkó. Kí a sọ òótọ́, ọkọ̀ náà gan-an ni ọlidé lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohun tó máa rí l'Ékòó, ẹ̀yìn ló ń bọ̀. Olúmọ ní Abẹ́òkúta náà dára. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó mú ìyá àgbà dání.

Ọmọ tó ti lé ní ọdún méjìlá kò fẹ́ ká máa di òun lọ́wọ́ mú mọ́. Gbé òun àti àbúrò rẹ̀ kékeré lọ wo kìnnìún, yóò fajú ro dalẹ́. Irú wọn ló lè gun òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta (600). Irú wọn náà ló yẹ kó dé Àgbádárìgì, kí wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ajíhìnrere bẹ̀rẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845, àti ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sókè òkun. Ọmọ kékeré kò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn. A tún fẹ́ kẹ́ ẹ fún ọmọ ńlá yìí ní ìwé àti bírò, kó máa kọ gbogbo ìnáwó ọ̀nà sílẹ̀, kó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá délé.

Bí ilé bá ní ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra ńkọ́? Ọmọ tó kéré jù ló ń pinnu bí ọ̀nà ṣe máa jìn tó. Tàbí kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì pawọ́ pọ̀: ọ̀kan á kó àwọn ńlá ilé méjèèjì lọ, èkejì á dúró ti àwọn kékeré, á sì máa bá a wo ṣọ́ọ̀bù. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á gbapò ara wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé òjò. Àwa ará Ògùnpa kọ́ ni ó yẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, inú ọlidé ló bọ́ sí, nígbà tí odò wa kún, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó sì pa èèyàn tó lé ní igba (200). Ọgbà Àgọ́dì tí à ń sọ yìí, omi ọjọ́ náà ló bà á jẹ́. Ọdún 2014 ni àtúnṣe rẹ̀ tó parí. Nítorí náà, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tó ní ìpele méje, ẹ fi í sílẹ̀ di àsìkò Kérésì tàbí Àjíǹde. Àpáta rẹ̀ ń yọ̀ lásìkò òjò. Bí òkùnkùn òjò bá sì ṣú láàárọ̀ tí ẹ fẹ́ jáde, ẹ sún un síwájú, owó mọ́tò kì í ṣe nǹkan.

Ní ti owó, ká sọ pé ẹnì kan ń dá ₦500 lọ́sẹ̀, láti ìgbà tí ọmọ bá wọlé lóṣù kẹsàn-án. Láàárín ogójì ọ̀sẹ̀, ó ti di ₦20,000, kò sì sí èlé tí yóò san fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè dá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó dá a. A ti ya ojú ìwé ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọlidé nínú ìwé ìfowópamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú ìwé rẹ̀ tọ akápò lọ ṣáájú ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kó sì kọ iye ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí wọn síbẹ̀, kí a lè mọ àwọn ilé tí a ó so pọ̀.