Mágasíìnì: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kọjá Láti Ilẹ̀ Lárúbáwá Dé Ladi-Lak

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ladi-Lak, tí ẹ sì rìn wọ ìhà Ṣómólú, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò kí yín káàbọ̀, nítorí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni a fi mọ ibẹ̀. Kò sí ọmọ tí ń ti ọmọlanke bébà kọjá tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ mágasíìnì. Ẹ bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, yóò ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ.

Èdè Lárúbáwá ni ó ti ṣẹ̀. Makhzan ni wọ́n ń pe àká tàbí ilé tí a ń kó ẹrù pamọ́ sí. Àwọn ará Ítálì gbà á lọ́wọ́ wọn, Faransé gbà á lọ́wọ́ Ítálì, Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbà á. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Kùtọnu mọ̀ pé magasin ni wọ́n ń pe ilé ìtajà títí di òní. Ní Mòrókò, ìjọba ọba gan-an ni wọ́n ń pè ní makhzen: ibi tí ìṣúra wà ni àṣẹ wà. (Ṣé Mòrókò nìkan ni!)

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi í pe ilé ẹ̀tù ìbọn, àti ibi tí ọta ń wọ̀ sí lára ìbọn. Ní 1731 ni Edward Cave, atẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, dá ìwé olóṣooṣù sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní The Gentleman's Magazine, bí ẹni pé àká ìròyìn, ewì àti oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà ti mọ́ ìwé lára.

Ìyá kan ní àdúgbò yìí ni ó jẹ́ kí n kọ èyí. Ó ní òun fẹ́ yọ ọmọ òun kúrò ní ilé-kéú, pé kéú ń dí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Nínú Súrátù Yūsuf, níbi tí Ànábì Yūsuf ti ní kí ọba fi òun ṣe alábòójútó àwọn àká ilẹ̀ náà, khazā'in ni ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀, ọmọ ìyá makhzan sì ni. Ọmọ yín lè ti kà á lórí wàláà kí tíṣà tó kọ mágasíìnì sí pátákó. Ṣúgà pàápàá, sukkar ni. Àlùbọ́sà tí ẹ ń gé sínú ọbẹ̀ yẹn ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Hausa ni a ti gbà á, àwọn náà gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ẹ bi ọmọ náà ní ohun tí ń jẹ́ baṣal.