Ṣé Iṣẹ́ Abẹ Ìfètòsọ́mọbíbí Ló Ń Fún Ọkùnrin Ní Jẹjẹrẹ?

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní ká má fi òun rẹ́rìn-ín. Ọmọ mẹ́fà ló bí. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí kò bá a lára mu, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ṣáá. Àánú rẹ̀ ṣe ọkọ rẹ̀, ó ní òun á lọ ṣe ti ọkùnrin, èyí tí dókítà ń pè ní vasectomy. Ni ẹ̀gbọ́n ọkọ bá figbe ta pé jẹjẹrẹ ló ń fà. Bí ọkọ ṣe sá sẹ́yìn nìyẹn.

A wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí a gbọ́ rèé.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe pé wọ́n tẹ ọkùnrin lọ́dàá o. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń gbé irúgbìn ọmọ jáde látinú kóró ẹpọ̀n ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń dì. Agbára ọkùnrin ṣì wà níbẹ̀, omi rẹ̀ ṣì ń jáde. Pròsítéètì tí jẹjẹrẹ ń mú wà lókè lábẹ́ àpò ìtọ̀. Ọ̀bẹ kì í débẹ̀.

Ibo wá ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀? Ní 1993, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé ó jọ pé jẹjẹrẹ yìí ń mú àwọn tó ṣe é ju àwọn yòókù lọ. Ní 2014, wọ́n gbé ìwádìí jáde lórí ọkùnrin 49,405 tí wọ́n ṣọ́ fún ọdún 24. Bí 100 bá ní in nínú àwọn tí kò ṣe é, nǹkan bí 110 ló ní in nínú iye kan náà tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní 2016, wọ́n wo ọkùnrin tó ju 363,000 lọ, wọn ò rí i pé ó pa àwọn tó ṣe é ju àwọn tí kò ṣe é lọ.

Àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa á? Nínú ọ̀ràn yìí, ká má tíì mú àjẹ́. Ẹ wo wolé-wolé. Bó bá ń yẹ ìlà ìsọ̀ kan wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń yẹ ìkejì wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, níbo ni yóò ti rí ẹ̀wà oníkòkòrò jù? Ọkùnrin tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, irú wọn ló ń lọ sọ́dọ̀ dókítà déédéé. Àrùn tí ẹlòmíì máa gbé kiri láìmọ̀, wọ́n á rí i lára tirẹ̀. Dókítà ní bí ewu bá tilẹ̀ wà, ó kéré gan-an.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní Nàìjíríà níbí, ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò tó nǹkan. Síbẹ̀, jẹjẹrẹ pròsítéètì ló wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ àwọn ọkùnrin wa. Kí ló fa tiwọn? Ọjọ́ orí ni, ẹbí ni, aláwọ̀ dúdú ló sì ń mú jù. Bí bàbá tàbí àbúrò ọkọ yín bá ti ní in rí, ẹ má sùn. Tó bá ń tọ̀ lóru léraléra, tí ìtọ̀ ń kán tó-tó-tó, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọsibítù, ẹ má dúró ti alágbo nìkan. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í fi àmì hàn. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi dára.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, kó mọ̀ pé àṣeémọ́ ni, ó ṣòro láti tú. Kó lo nǹkan mìíràn fún bí oṣù mẹ́ta, títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé irúgbìn ti tán. Kò sì lè dáàbò boni lọ́wọ́ éèdì.

A ti ní kí ẹlẹgbẹ́ wa mú ọkọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ bá dókítà pọ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn ti lé ní ọmọ 50 ọdún, kò ṣe àyẹ̀wò rí. Kí wọ́n kúkú yẹ òun náà wò.