Olómi Ni àbí Ọlọ́tí? Bí Wọ́n Ṣe Ń Yọ Agbára Igbó, àti Bí Orúkọ Ṣe Ń Tan Wá

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Kọ́bapẹ́ níbí ṣubú lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. A gbé e dé ọsibítù, dókítà sì bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ló lò?" Wọ́n ní, "Colorado ni, sà. Igbó náà ni, ó kàn le díẹ̀ ni." Ọpẹ́ ni pé ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni nípa èdè mọ̀ pé orúkọ ló tàn wọ́n jẹ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ dé ọ̀dọ̀ ìyá alágbo láàárọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi yín ni pé, "Olómi ni àbí ọlọ́tí?" Ó mọ̀ pé ohun tó máa jáde lára egbò tí a rẹ sínú omi yàtọ̀ sí ohun tó máa jáde bí a bá rẹ egbò kan náà sínú ọtí. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí wà nínú ìbéèrè yẹn.

Oje kan wà lára òdòdó igbó tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Inú oje yìí ni THC wà, èròjà tó ń pa èèyàn bí ọtí. Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni ló yọ ọ́ jáde lógidì ní Israel ní 1964. THC àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Inú òróró, ọtí líle àti àwọn gáàsì kan ló ti ń yọ́.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní monkey tail: igbó tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Ọtí yẹn ń fa oje jáde dáadáa, nítorí náà ẹni tó mu ún ru ẹrù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a mu kì í sì í tètè gun orí bí èyí tí a fà. Ó lè tó wákàtí kan tàbí méjì. Kó tó dé, ẹlòmíràn á ti bu ife kejì.

Skuchies tiẹ̀ ńkọ́, tí àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta mọ̀ bí ẹni mowó? Igbó, tramadol àti kodéènì ni wọ́n ń pò mọ́ zobo. Ṣùgbọ́n omi ni zobo. THC kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ nínú rẹ̀. Tramadol àti kodéènì ló ń yọ́ wẹ́rẹ́, àwọn méjèèjì sì lè dá èémí dúró. Ẹni tó ní igbó lòun mu, oògùn ìrora ló mu jù.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí òfin ti gbà á láàyè, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yọ oje náà. Ọtí ethanol ń fà á, àmọ́ ó tún ń fa àwọ̀ ewé àti ìkorò mọ́ ọn. Gáàsì butane, irú èyí tó wà nínú láítà, kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ìkorò, ṣùgbọ́n ó ń gbiná kíákíá; ó ti jó ilé, ó ti pa èèyàn. Carbon dioxide tí wọ́n fún pọ̀ kì í gbiná, ẹ̀rọ rẹ̀ ló wọ́n. Ohun yòówù kí wọ́n lò, wọ́n gbọ́dọ̀ lé e kúrò lẹ́yìn náà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Shatter, wax àti live resin, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Shatter ń dán, ó sì ń fọ́ bíi gíláàsì. Wax rọ̀ bí ìda. Ara igbó tútù tí wọ́n dì bíi yìnyín ni live resin ti wá. Igbó lásán sábà máa ń ní THC bí ìdá 10 sí 25 nínú 100; àwọn wọ̀nyí lè ní 60 sí 90.

Níbo wá ni Colorado wà? Orúkọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kan ni, níbi tí wọ́n ti ń ta igbó ní gbangba láti 2014. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ojúlówó igbó ni. Rárá o! Wọn kò yọ nǹkan kan lára ewé. Kẹ́míkà tí wọ́n ṣe ní láàbù ni wọ́n ń pò mọ́ nǹkan bíi acetone, tí wọ́n á fín in sára ewé gbígbẹ lásán. Acetone á gbẹ, kẹ́míkà á kù síbẹ̀. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ni JWH-018, tó ń jẹ́ orúkọ John W. Huffman, onímọ̀ kẹ́míkà ní Yunifásítì Clemson, tó ṣe é fún ìwádìí. Ibi tí THC ti ń ṣí ilẹ̀kùn ọpọlọ díẹ̀, kẹ́míkà yìí ń ṣí i gbayawu. Fínfín náà kì í sì í dọ́gba: ewé yìí lè gba díẹ̀, kí tẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba èyí tó lè gbé èèyàn ṣubú.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń tà á kò wo ilé. Ọjà ni wọ́n wò. Òfin Nàìjíríà ka gbogbo rẹ̀ léèwọ̀, NDLEA sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 1989. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣubú lójú yín, ẹ má fi orúkọ ìgboro nìkan dá dókítà lóhùn. Ẹ sọ bóyá ó mu ún ni àbí ó fà á, bóyá olómi ni àbí ọlọ́tí, àti oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ mú un dání. Ìbéèrè ìyá alágbo náà nìyẹn. Ó lè gba ẹ̀mí là.