Òrùka DNA Tí Ooru Kò Lè Pín Níyà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ohun kékeré kan wà tí ojú lásán kò lè rí, DNA ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1953, Watson àti Crick ṣàlàyé pé ó dà bí okùn tí a fi fọ́nrán méjì lọ́ pọ̀.

Bí DNA bá gbóná, ìdè tó so fọ́nrán méjèèjì pọ̀ yóò máa tú. Níbi tí A kojú T, ìdè méjì ni; níbi tí G kojú C, mẹ́ta ni. Nítorí náà ibi tí A àti T pọ̀ sí ló ń kọ́kọ́ là. Kì í là lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń là níhìn-ín, ó ń padé lọ́hùn-ún. Ìgbà tí ìdajì bá ti là ni àwọn onímọ̀ ń wọn ooru rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú kòkòrò bakitéríà, DNA kéékèèké kan wà tó rí bí òrùka, kò lórí, kò nídìí. Ẹ so orí okùn onífọ́nrán méjì mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì la ibì kan: ibi yòókù yóò lọ́ mọ́ra sí i. Nítorí náà ni òrùka ṣe ń gba ooru púpọ̀ kó tó là tán. Bí gbogbo ìdè bá tilẹ̀ já, fọ́nrán méjèèjì há sínú ara wọn bí ẹ̀wọ̀n; àfi kí a gé ọ̀kan.

Ní ọdún 1979, Birnboim àti Doly lo ìmọ̀ yìí. Wọ́n fi omi sódà, irú èyí tí a fi ń ṣe ọṣẹ, tú DNA kòkòrò. Nígbà tí wọ́n pa agbára sódà náà, òrùka tètè padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n DNA gígùn lọ́ pọ̀ jánganjàngan, ó sì ṣeé yọ sọnù.

Kí ló kan ará Akútè nínú èyí? Irú òrùka bẹ́ẹ̀ lè gbé agbára tí kòkòrò fi ń borí oògùn bí ampicillin àti tetracycline, kòkòrò kan sì lè fún òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ń ṣèwádìí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra kápúsù méjì mẹ́ta fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná láìṣe àyẹ̀wò. Oògùn tí a bá lò nílòkulò ń pa kòkòrò aláìlágbára, ó sì ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó ní òrùka.