Bí Orúkọ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Ọ́fíìsì Kan

Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń wá ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n orúkọ ni ó rọrùn fún ènìyàn láti rántí. Ní ayé ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ìjọba Amẹ́ríkà fi owó gbé dìde kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbilẹ̀, fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ni ó ń so orúkọ mọ́ nọ́ńbà. Ọ́fíìsì kan ní ilé ìwádìí SRI ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ California, èyí tí Elizabeth Feinler jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ni ó ń tọ́jú fáìlì yìí, tí àwọn yòókù sì ń wá dà á kọ láti ìgbà dé ìgbà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pọ̀ sí i ni fáìlì náà ń gùn sí i, títí tí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan kò fi bá ti ẹlòmíràn mu mọ́.

Jon Postel ni ó gbé ìṣòro náà fún Paul Mockapetris ní Yunifásítì Southern California, Mockapetris sì gbé ètò tí à ń pè ní DNS jáde ní 1983. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó pín àṣẹ, bí ọba ṣe máa ń fi abúlé sábẹ́ baálẹ̀, tí baálẹ̀ náà yóò sì máa pín ilẹ̀ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan láìpadà wá bèèrè láàfin. Àwọn nameserver, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè nípa orúkọ, wà ní ipele ipele: àwọn tó wà lókè pátápátá kò mọ̀ ju ẹni tó ń ṣàkóso .com tàbí .ng lọ, àwọn ti .ng, tí àjọ NiRA ń bójú tó lónìí, kò mọ̀ ju nameserver tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà níkàáwọ́ rẹ̀ lọ. Nameserver ìkẹyìn yìí ni nọ́ńbà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó ní ìkànnì. Ilé-iṣẹ́ hosting, tó ń gba ìkànnì sílé, a máa fún un ní orúkọ nameserver méjì ó kéré tán, kí èkejì lè dáhùn bí ọ̀kan bá kú. Àkọsílẹ̀ A tó wà níbẹ̀ ń tọ́ka sí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà, MX sì ń sọ ibi tí ímeèlì yóò gbà wọlé. Ẹni tó bá yí nameserver padà láìda MX kọ síbi tuntun yóò rí i pé ìkànnì ń ṣí dáadáa, àmọ́ tí lẹ́tà kò wọlé mọ́.

Kí ìbéèrè má bàa pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ènìyàn ń ra dátà lọ́wọ́ rẹ̀ a máa tọ́jú èsì tó ti gbà fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tí àkọsílẹ̀ tó ń jẹ́ TTL bá dá fún un. Wọ́n máa ń sọ pé ìyípadà ṣì ń tàn kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ èsì àtijọ́ ni àkókò rẹ̀ kò tíì pé. Bí TTL bá jẹ́ 86400, ọjọ́ kan gbáko nìyẹn, nítorí náà ẹni tó fẹ́ kó ìkànnì rẹ̀ lọ síbòmíràn ní láti dín in kù sí 300 ní ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú. Ti nameserver ní .com fúnra rẹ̀ jẹ́ 172800, ọjọ́ méjì, oníkànnì kò sì lágbára láti dín ìyẹn kù. Ohun tó kù fún un ni pé kó má tíì pa ìkànnì àtijọ́ títí ọjọ́ méjì náà yóò fi kọjá.